Olùrà Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ "A Kò Tà": Ẹ̀kọ́ Láti Deïdo

Ẹni tí ó bá ti ta ilé rí ni ó mọ ìnira tí ó wà nínú rẹ̀. Olùrà kan yóò dé ní òwúrọ̀, yóò fi ìka kan ògiri, yóò ní àjà ti jẹrà. Òmíràn yóò wọn ẹ̀yìnkùlé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà yóò dá iye tí kò tó owó páànù. Ẹnì kẹta yóò gbà láti san, ṣùgbọ́n yóò sọ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́fà, títí agara yóò fi dá ẹni tí ń tà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, ẹni tí ó ta ilé yóò dúró ní ìta, yóò máa wo fèrèsé yàrá tí ìyá rẹ̀ bí i sí.

Ìnira ni èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa kò kà á sí ìwà ibi. Olùrà tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ilé wa ṣì mọ̀ pé tiwa ni. Bí a bá wí fún un pé a kò tà mọ́, yóò bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Olùrà tí ó le jùlọ ni ẹni tí ó ti dá iye lé ilé wa kí a tó sọ pé a fẹ́ tà á, tí kò sì sí èsì tí a lè fún un tí yóò mú un padà. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa lè mọ irú olùrà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ dé Deïdo.

Àdúgbò kan ni Deïdo jẹ́ ní ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ní etí odò Wouri. Àwọn Duala tí ó ni ìlú náà jẹ́ oníṣòwò láti ìgbà pípẹ́, àwọn ni alárinà láàrin àwọn ọkọ̀ òkun àti àwọn ará ilẹ̀ òkè. Ní oṣù Keje ọdún 1884, àwọn ọba Bell, Akwa àti Deïdo fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ òwò Jámánì. Àwọn ọba wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n béèrè kí ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí àti ibi tí ìlú wọn wà jẹ́ tiwọn àti ti àwọn ọmọ wọn títí lọ, a sì fi í sínú àdéhùn náà.

Kò pé ọgbọ̀n ọdún tí olùrà fi dé. Ní ọdún 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí gbogbo ará Bell, Akwa àti Deïdo kúrò ní etí odò, kí ó ku àwọn òyìnbó nìkan níbẹ̀, kí a sì fi ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ ní kìlómítà kan sí àárín dúdú àti funfun. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti ibà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ojú yóò rí i pé èbúté àti ojú irin ti sọ ilẹ̀ etí odò di wúrà. Ìjọba ni ó fẹ́ rà, ìjọba náà ni ó dá iye, ìjọba náà ni yóò sì ṣe ìdájọ́ bí onílé bá ráhùn. Ṣé ọjà ni a ó pe èyí?

Àwọn Duala kọ̀. Kì í ṣe idà ni wọ́n fi kọ̀, kálàmù ni. Rudolf Duala Manga Bell, ọba Bell tí ó ti kàwé ní Jámánì, ni ó ṣáájú wọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin, wọ́n sì ń tọ́ka sí àdéhùn 1884. Ní ọdún 1913, ìjọba yọ ọba náà lóyè. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé àwọn ará Bell, a sì kó wọn lọ sí ibi tí a ń pè ní New Bell. Ngoso Din, akọ̀wé ọba, yọ́ lọ sí Jámánì láti wá agbẹjọ́rò. A mú àwọn méjèèjì, a ní ọ̀tá ìjọba ni wọ́n, a sì so wọ́n kọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914.

Ogun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, Douala bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ọwọ́ tí ó ti nà sí Akwa àti Deïdo rọ, nítorí náà ni Deïdo fi wà létí odò rẹ̀ títí di òní. Ti àwọn Bell kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Faransé tí ó jókòó sí ipò Jámánì kò dá ilẹ̀ wọn padà bí ó ti rí. Ní ọdún 2022, a fi orúkọ Manga Bell sọ gbàgede kan ní Berlin. Ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ gbàgede kì í ṣe ilé.

Ní Èkó, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà. Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá tí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ń mójú tó fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó pe ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà, kí a sì san owó rẹ̀ fún wọn bí onílẹ̀ tòótọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé àwọ̀ funfun nìkan ni ó ní irú ìwà yìí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó ilé ní àárín Èkó ní ọdún 1955, tí a sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, àwọn mínísítà tiwa ti wà lórí àga. Ohun tí ó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ náà wà. Olówó kan yóò pe ọ̀kan nínú ọmọ bàbá ní òru, yóò fi owó sí i lọ́wọ́, ilẹ̀ yóò sì mọ́, a ó rí katakata níwájú ilé ẹbí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Jámánì tilẹ̀ kéde ètò rẹ̀, ọmọ ìyá wa kò kéde tirẹ̀. Ẹni tí ó ta ilé ẹbí láì sọ fún ẹbí ti ṣe sí àwọn arákùnrin àti arábìnrin rẹ̀ ohun tí àjèjì ṣe sí àwọn ará Bell.

A kò sọ pé kí a má ta ilé. Àìsàn ń bẹ, owó ilé-ìwé ń bẹ, ilé a sì máa di ẹrù. Ohun tí a ń wí ni pé kí gbogbo ẹbí jókòó, àti obìnrin àti ọkùnrin, àti ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu kò sí iye kan kí olùrà tó wọ ọgbà. Kí a ní agbẹjọ́rò tiwa, yàtọ̀ sí ti olùrà. Kí a má ṣe gba kọ́bọ̀ kí gbogbo wa tó fi ọwọ́ sí ìwé. Òfin kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2016 tí ó lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ ilé tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn Deïdo fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò ní àyè láti wí pé "n kò tà" kò ta ohunkóhun. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, iye yòówù kí a kà sí i lọ́wọ́.