Olè Nìkan Kọ́ ni Òfin Ń Bá Wí

Bí ìwífún àwọn oníbàárà bá bọ́ sí ọwọ́ àjèjì láti inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan, "wọ́n jí ìwífún" ni gbólóhùn tí ó rọrùn jù lọ fún oníròyìn àti atúmọ̀-èdè. Àléébù rẹ̀ kò fara sin: olè ni olùwà gbólóhùn náà, ìwífún ni àbọ̀; ilé-iṣẹ́ tí a fi ìwífún pamọ́ sí lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Oníbàárà tí ó bá gbọ́ ọ yóò ṣẹ́ èpè fún olè, yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ, láìmọ̀ pé òun lè ní ẹjọ́ bá olùtọ́jú ìwífún ṣe.

Òfin kò wo ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, tẹnu mọ́ ni pé ààbò olùtọ́jú yẹ̀, tí ìwífún fi lè bàjẹ́, sọnù, yí padà, tàbí hàn sí ẹni tí kò yẹ, ìbáà ṣe èèṣì, ìbáà ṣe ọ̀daràn. Olè lè má sí níbẹ̀ rárá. Bí ewu bá lè ti ibẹ̀ yọ fún àwọn ènìyàn, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba létí láàárín wákàtí 72 tí ó ti mọ̀. Bí ó bá sì rú òfin náà, ẹni tí ó pàdánù lè pè é lẹ́jọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn kó ìwífún nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn ní ilé-iṣẹ́ Equifax. Ìkìlọ̀ nípa àlàfo tí wọ́n gbà wọlé ti dé etí ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú. Ní ọdún 2019, ó gbà láti san mílíọ̀nù 575 dọ́là, ó kéré tán.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Inú òwe yìí ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí ti wá: kí ohun tí òfin ń sọ máa jẹ́ "ìlanu-ààbò", kí "jíjí ìwífún" sì dúró fún ìwà olè nìkan. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri tí a mọ dáadáa pàápàá lè lanu. Ohun tí adájọ́ yóò wádìí ni bí onílé ṣe tọ́jú rẹ̀. "Wọ́n jí i" ti pa ìbéèrè yẹn kí ó tó dé ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.