Irin Gáàdì Kì í Ṣe Ońdè

  Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé wa tó kọjá tí a kò lè gbé mì. A ní kí àwọn ará yé gbé sikúútà wọn lọ fún ajórin pé kí ó jó irin gáàdì mọ́ ọn lára. A ní kí olúkúlùkù fi bóòtì dè é fúnra rẹ̀ nílé. Àwọn àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ahun ni wá. Ẹlòmíràn dìde, ó ní a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ìlú wa tí ń fi iṣẹ́ ajórin jẹun. A dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí ọ̀wọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò fi ẹnu sọ, ẹ jẹ́ kí a fi ìwé sọ ọ́.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó fẹ́ gáàdì. Láti oṣù January 2013 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano ti fòfin de achaba láàrin ìlú, ẹni tí kò bá lè dúró de kẹ̀kẹ́ A Daidaita Sahu ní ìdájí ti wá tirẹ̀ rà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Bompai tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ síta bí ó bá pẹ́, tíṣà, ìyá ọlọ́jà tó ró ìró, sikúútà ló bá gbogbo wọn lára mu. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé láti orí dé ìdí, ike ni aṣọ rẹ̀. Ẹ dá a dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ewúrẹ́ fara gbún un, kí ó ṣubú, ike ti fọ́ nìyẹn. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà fi gáàdì sí tiwa. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi í sí i ni a ń bá jà, àti ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ránti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa, ẹni tó ní kí a má dárúkọ òun. Iṣẹ́ alẹ́ ni ó ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan. Ó gbé sikúútà rẹ̀ lọ fún ajórin kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ajórin náà kò yọ wáyà bátìrì, ike díẹ̀ ló sì tú. Ó gé páìpù omi, ó jó o mọ́ egungun sikúútà níhà ọ̀tún àti òsì, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó gba owó, ó ní, “Kò séwu mọ́.” Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iná iwájú kọ̀, kò tàn mọ́. Ìyẹn kéré. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èjìká páìpù náà, tó yọ síta ju ọwọ́ sikúútà lọ, kọ́ ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Kẹ̀kẹ́ ń lọ, ó ń wọ́ sikúútà tẹ̀lé ara rẹ̀ títí ó fi dà á wó. Ojú ibi tí wọ́n jó ni egungun sikúútà ti ya. Páìpù náà ká sẹ́yìn, ó gbá ọkùnrin náà ní orúnkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi dùbúlẹ̀, àpò ẹgbẹ́ yìí ni a sì fi bọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ pè wá ní ahun, ẹ̀yin náà dá nínú owó yẹn.

Kí ló dé tí ó fi ya níbẹ̀? Irin tí iná ajórin bá kọjá lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà kì í rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Egungun sikúútà jẹ́ páìpù tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí taya bá ti ń bọ́ sínú kòtò ni gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n, ibi tí jíjó parí sí ni ìlà yóò ti kọ́kọ́ là. Ọ̀dà ibẹ̀ ti jóná kúrò, ó ń dípẹtà láti inú wá níbi tí ojú kò tó. Ní ti iná mànàmáná tí ajórin ń lò, bí a kò bá tú bátìrì sílẹ̀, ó lè gba inú wáyà kọjá kí ó ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́.

A mọ̀ pé àwọn àgbà yóò ní, “Àwa gun Vespa, a fi irin dídán yí i ká, kí ló ṣe wá?” Òótọ́ ni, irin náà dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí dáadáa, bóòtì ni wọ́n fi dè é, ẹnikẹ́ni kò jó o. Vespa tí ilé iṣẹ́ Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Italy ní ọdún 1946 kò ní egungun ọ̀tọ̀. Páànù ara rẹ̀ gan-an ló gbé e ró. Lambretta tí Innocenti gbé jáde ní 1947 ló ní páìpù nínú. Sikúútà òde òní fara jọ Lambretta lọ́nà yìí: ike ni ẹ ń rí, páìpù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tú ike náà kò tíì mọ ohun tó ń de irin mọ́.

Ọmọ ìlú wa ajórin ńkọ́? Kò sí ẹni tó lé e. Ẹ gbé ìwọ̀n lọ bá a. Kí ó ká páìpù lórí tábìlì rẹ̀, kí ó jó ahọ́n irin mọ́ ẹnu páìpù, kí ó lu ihò sí i, kí ó gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fẹ́. Iná rẹ̀ ni a kò fẹ́ lára ẹ̀rọ wa. Páìpù oníhò nínú ni kí ẹ ní kí ó lò, kí ó má ṣe lo ọ̀pá irin tó ki, nítorí ó sàn kí gáàdì tẹ̀ ju kí egungun sikúútà tẹ̀ lọ. Irin tó wúwo níwájú sì ń mú kí ọwọ́ le láti darí.

Ìyókù di iṣẹ́ ilé, bóyá ní ọ̀sán Sunday. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni kí ó ṣáájú. Ẹ tú ike ìsàlẹ̀, kí ẹ wá ibi tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti fi bóòtì sí ara egungun. Ibẹ̀ ni kí gáàdì so mọ́, pẹ̀lú bóòtì tó gùn díẹ̀ sí i ṣùgbọ́n tí ìnípọn rẹ̀ àti ojú ìyí rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ẹ má ṣe lu ihò tuntun sí egungun. Níbi tí ẹ bá ti fi ìdè irin gbá páìpù mú, ẹ gé rọ́bà inú taya àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Gbogbo bóòtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó wá fi sípánà há wọn lẹ́yìn tí gáàdì bá ti jókòó. Ẹni tó bá há apá kan tán kí ó tó mú èkejì yóò bá irin jìjàkadì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A ti ṣe é rí, a mọ̀ ọ́n. Ẹ yí ọwọ́ sikúútà sí ọ̀tún dé òpin, ẹ yí i sí òsì dé òpin. Kí ènìyàn méjì jókòó lé e, kí wọ́n tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bí taya bá kan gáàdì. Kí ẹnu gáàdì má ṣe yọ síta ju ọwọ́ sikúútà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá ti gùn ún, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo bóòtì. Òpópó wa kò jẹ́ kí ohunkóhun há pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù ló kù yìí. Àwọn kan ń fi gáàdì sí sikúútà bí ẹni so ońdè mọ́ ọrùn. Wọ́n ti ní irin, wọ́n wá ń sáré láàrin kẹ̀kẹ́ méjì, orí wọn ṣófo. Gáàdì ń gba ike là, ó sì lè má jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá rọra ṣubú. Ohun tó mọ nìyẹn. Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé ìwádìí jáde lórí nǹkan bí 900 ìjàǹbá alùpùpù ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n rí i pé bí irin bẹ́ẹ̀ ti ń dín ọgbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ kù náà ló ń fi kún ti orúnkún, ojúgun àti itan. Orúnkún arákùnrin wa ti jẹ́rìí sí i láìlọ sí Amẹ́ríkà. Àṣíborí ni wọ́n rí pé ó ń gba orí là.

Ẹ sì rántí January 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú ẹni tí kò bá dé àṣíborí. Ní ìlú Kano níbí, wọ́n mú àwọn tó dé igbá, àti àwọn tó dé agolo ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín wọn. Ẹni tó san owó páìpù àti ti ajórin, tí ó wá ń gun sikúútà lórí lásán, ó yẹ kí ó sọ fún wa ohun tí òun fi sàn ju onígbá lọ. Onígbá gbìyànjú láti bo orí.

A ti ra sípánà 10, 12 àti 13 sínú àpótí ẹgbẹ́, a sì ní rọ́bà taya púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a ràn án lọ́wọ́, kí ó gbé sikúútà àti gáàdì rẹ̀ wá lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ó dé àṣíborí wá, nítorí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a kò ní tú bóòtì kankan fún un. Àwọn àgbà tó pè wá ní ahun náà lè wá wòran. A ó gbé àga fún wọn sí ibòòji.