Ta Ni Ó Ní Kí Ọmọ Mùsùlùmí Sá fún Aristotle?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè máà dùn létí àwọn àgbà wa kan, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e mì, ọ̀fun àwọn ọmọ wa ni yóò ti há.

Nígbàkígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá gba ìsinmi, tí àwọn ọmọ wa sì padà sí Ìjù wa yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀tà, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò, ìbáà ṣe Àgó-Ìwòyè ni wọ́n ti ń bọ̀, ìbáà ṣe Ọ̀jọ́, Akọka tàbí Ìbàdàn. Fìlọ́sọ́fì àti lọ́jíìkì wà lára àwọn kọ́ọ̀sì kàn-ńpá tí wọ́n ń pè ní GST ní yunifásítì ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò ṣe é, ẹni tí ó lọ kọ́ ìṣirò owó yóò ṣe é. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé Socrates, Plato àti Aristotle, àwọn ará Gíríìsì tí ó ti lé ní 2,300 ọdún tí wọ́n ti kú. Ọ̀rọ̀ wọn kò yé àwọn ọmọ. Wọ́n á há ìwé pélébé tí olùkọ́ pín sórí, wọ́n á dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ó ti fò lọ.

Bí ọmọ náà bá wá délé tí ó bi áfáà rẹ̀ léèrè, èsì tí yóò gbà ni pé ọ̀rọ̀ àwọn kèfèrí ni, kí ó yáa jìnnà sí i kí ìmáànì rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ní àdúgbò wa yìí, a mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n fún ní àyè láti lọ kọ́ fìlọ́sọ́fì gan-an. Bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ kan ní Sángo kí ọmọ lè kàwé. Wọ́n rọ bàbá yìí títí tí ó fi ní kí ọmọ jókòó sílé di ọdún kejì. Ọdún kan gbáko! A bi áfáà tí ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ni Aristotle sọ tí kò dára. Ó ní òun kò kà á, òun kò sì ní kà á láéláé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Pé nǹkan le kò sọ ọ́ di òfo, kò sì sọ ẹni tí kò yé di olódo. Ibn Sina, tí wọ́n bí ní ọdún 980 nítòsí Bukhara, tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí ìmọ̀ ìṣègùn, sọ ìtàn ara rẹ̀ pé òun ka ìwé Aristotle kan nígbà 40, títí tí òun fi mọ̀ ọ́n lórí, síbẹ̀ tí kò yé òun. Ó ti sọ̀rètí nù. Ní ọjọ́ kan, ní ìrọ̀lẹ́, ó wà ní ọjà àwọn tó ń ta ìwé, alágbàtà kan sì fi ìwé kan lọ̀ ọ́. Ó ní òun kò rà. Ọkùnrin náà ní olówó rẹ̀ nílò owó, kí ó mú dírámù mẹ́ta wá. Ìwé kékeré tí al-Farabi kọ láti fi ṣàlàyé ohun tí Aristotle ń lé ni. Kíá ni gbogbo ohun tí ó ti há sórí là sí i. Ní ọjọ́ kejì, sàráà ni ó ṣe fún àwọn tálákà, ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Allāh. Òun náà ni ó sọ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ lọ́jíìkì bá ta kókó mọ́ òun lọ́wọ́, mọ́ṣáláṣí ni òun ń lọ, òun á kírun títí yóò fi tú. Ṣé irú èyí ni a ní ó ń ba ìmáànì jẹ́?

Ìdààmú mìíràn wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ rárá. Èdè ni. Aristotle ní ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà sọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí. Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní "cause", ọmọ sì rò pé ohun tí ń ti nǹkan mìíràn síwájú nìkan ni cause, ó wá ń ṣe kàyéfì. Ẹ mú kẹ́tù rọ́bà tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ìdí kan ni rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é. Ìdí kejì ni bí wọ́n ṣe mọ ọ́n, ikùn níbí, ẹnu tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá yọ́ rọ́bà kan náà tí ẹ fi mọ àwo, kì í ṣe kẹ́tù mọ́. Ìdí kẹta ni òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é. Ìdí kẹrin ni àlùwàlá fúnra rẹ̀, nítorí bí kò bá sí omi tí a fẹ́ rọra dà sọ́wọ́, kí ni ẹnu tín-ín-rín wà fún? Ó parí. Ìyá tí ń ta kẹ́tù ní ọjà Sángo yóò lóye rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, "ìdí", gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láyè. Ọmọ ilé kéú tilẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 'illa ni Lárúbáwá ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó bá pàdé nígbà tí ó ń kọ́ bí àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan wé òmíràn.

Ó kan ẹ̀yin áfáà wa wàyí. Mántíkì tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ kéú, ti Aristotle ni. Gbogbo ohun tí ń pani bí ọtí, èèwọ̀ ni. Ògógóró ń pani bí ọtí. Nítorí náà èèwọ̀ ni ògógóró. Ẹ̀yin ni ẹ fi irú èyí kọ́ wa! Ìwé Sullam tí al-Akhdari ará Àlùjíríà fi ewì kọ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, tí àwọn onímọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń kà láti ìgbà pípẹ́, kò fi àríyànjiyàn pamọ́. Ó ní àwọn kan sọ pé èèwọ̀ ni, àwọn kan ní ó yẹ kí á kọ́ ọ, ó sì fara mọ́ ọn pé kí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ó ti mọ Àlùkùránì àti Súnnà, kọ́ ọ. Ṣáájú rẹ̀, al-Maghili, ẹni tí ó wá sí Kánò láyé ọba Muhammad Rumfa ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, fi ewì bá as-Suyuti ti Káírò jà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. As-Suyuti ní kí á jìnnà sí mántíkì. Al-Maghili ní òtítọ́ kì í di irọ́ nítorí pé ẹnu kèfèrí ni ó ti jáde. As-Suyuti yìí ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n kọ Tafsīr Jalālayn tí à ń kà nínú oṣù Ràmàdáánì. Àgbà pàdé àgbà ni. (A kò fi hádíìsì tí ó ní kí á wá ìmọ̀ dé Ṣáínà ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn, àwọn onímọ̀ hádíìsì ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.)

A mọ̀ pé orúkọ al-Ghazali ni ẹ ó kọ́kọ́ dá. Ó dára. Nígbà tí ó ń kọ́ 300 akẹ́kọ̀ọ́ ní Bàgídádì, àkókò tí ó bá ṣẹ́ kù ni ó fi ń dá ka ìwé àwọn onífìlọ́sọ́fì, fún nǹkan bí ọdún méjì, ó tún fi bí ọdún kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ìwé kan tí ó fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń sọ kí ó tó kọ Tahāfut ní 1095 láti fi bì wọ́n ṣubú. Nínú ọ̀rọ̀ 20 tí ó yẹ̀ wò, mẹ́ta péré ni ó ní ó sọ ènìyàn di kèfèrí: pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé Allāh kò mọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé ara kò ní jí dìde. Lọ́jíìkì wọn ńkọ́? Ó fi í ṣí ìwé òfin rẹ̀, al-Mustasfā. Ibn Taymiyya, tí ó kú ní 1328, bá lọ́jíìkì yẹn gan-an jà, ìwé ńlá ni ó kọ, ó sì mọ ibi tí ó ti ń ta á lọ́fà. Àwọn tí wọ́n kọ̀ ọ́ nínú ìtàn wa, kíkà ni wọ́n kà á kí wọ́n tó kọ̀ ọ́.

Àwọn tí ń kọ ìwé pélébé náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Láti Áténì, wọ́n á fò pìrì dé Yúróòpù. Kò sí Bàgídádì níbẹ̀, níbi tí Hunayn ibn Ishaq, ọmọlẹ́yìn Kristi, ti tú ìwé Gíríìkì sí Lárúbáwá fún àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n sanwó rẹ̀. Kò sí Ibn Rushd, adájọ́ Kọ̀dóbà tí ó kú ní 1198, ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kàn ń pè ní Olùtúmọ̀, tí gbogbo wọn sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wí. Ẹni náà ni ó kọ Bidāyat al-Mujtahid, onímọ̀ ọ̀nà Màlíkì bíi tiwa. Ọmọ Mùsùlùmí wá jókòó nínú kíláàsì bí àlejò nínú ilé tí bàbá rẹ̀ bá wọn kọ́.

Owó tí a fi ń ran aṣọ ẹgbẹ́ fún Máólúdì, ìdajì rẹ̀ tó láti fi tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Yorùbá lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, ohun tí a ń béèrè kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: ní ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, kí áfáà tí ó mọ Sullam mú ìwé rẹ̀ wá, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú tirẹ̀ wá, kí wọ́n jókòó lórí ẹní kan náà. Áfáà tí ó bá ṣì ní èèwọ̀ ni, àyè rẹ̀ wà lórí ẹní náà. Ojú ewé tí ó kà ni kí ó ṣí fún wa.