Ẹ Gbé Asẹ́ Sí Ibi Tí Ọwọ́ Yóò Ti Tó O

Kò sí ìyá ológì kan ní ìlú Ìbàdàn tí yóò gbé asẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí orí àjà nígbà tí ó bá ti lọ àgbàdo rẹ̀ tán. Ìtòsí ni asẹ́ ń gbé, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń lò ó. Ọ̀rọ̀, àwòrán àti fíìmù tí ó ń wọ inú fóònù tọmọdé tàgbà lónìí pọ̀ ju ohun tí ojú lè wò tán lọ. Asẹ́ tí a lè fi sẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe àkóso ìtàkùn ayélujára ti gbé e sí ibi tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó. Èrò tiwa ni pé èyí kò tọ́, ó sì yẹ kí a tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìlú wa. Ní ọdún 1939 ni okùn rédíò tí a ń pè ní Rediffusion dé Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Àpótí tí a gbé kọ́ ara ògiri ni. Ẹni tí ó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù lè dín ohùn rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Abájọ tí àwọn baba wa fi ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1953, nígbà tí Gómìnà Sir John Macpherson dá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi lórí rédíò, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì, wọn kò sì fún un. Ìyà yẹn wà lára ohun tí ó bí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí kò lè yí rédíò rẹ̀ sí ibi tí ó wù ú, ohun tí ẹlòmíràn bá yàn ni yóò máa gbọ́.

Fóònù òde òní sàn ju àpótí yẹn lọ, nítorí pé ibi tí a ti lè yí i wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan ní Ògùnpa. Bí kò bá ṣe ètò kankan, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ lè mú un wọ ẹgbẹ́ WhatsApp láìbéèrè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán òkú, fíìmù ìbàjẹ́ àti irọ́ òṣèlú ti kún inú fóònù rẹ̀, dátà tí ó fi owó ọjà rà ti tán, ọmọ rẹ̀ tí ó mú fóònù náà láti ṣe iṣẹ́ iléèwé sì ti rí ohun tí kò yẹ kí ọmọdé rí. Láti ọdún 2019 ni WhatsApp ti fi àyè sílẹ̀ kí olúkúlùkù pinnu ẹni tí ó lè mú òun wọ ẹgbẹ́. Àmọ́ kí oníṣòwò wa tó dé ibẹ̀, yóò tẹ "Settings", yóò tẹ "Privacy", yóò sì tún tẹ "Groups". Bí ó bá fẹ́ kí fíìmù yéé já wọlé fúnra rẹ̀, ibòmíràn ni yóò tún gbà, lábẹ́ "Storage and data". Báwo ni ìyá tí kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe mọ ọ̀nà yìí? Ohun tí ó wà tí a kò lè rí kò sàn ju èyí tí kò sí lọ.

Àwọn kan yóò wí pé kí ìjọba kúkú ti gbogbo rẹ̀ pa. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, kò sì ṣí i títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀ròyìn ni ó jìyà rẹ̀, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe kò bá òfin mu. Àwọn ará Ògùnpa mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí odò wọn ya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100, a kò wí pé kí a dí odò náà. Ojú rẹ̀ ni a gbẹ́, tí a fi kọnkéré tún un ṣe, kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Kí ọ̀rọ̀ náà máa ṣàn, ṣùgbọ́n kí onílé ní ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ lè tì.

Àwọn mìíràn ti fi èyí sínú òfin. Òfin tí European Union ṣe ní ọdún 2022 pàṣẹ pé níbi tí ilé-iṣẹ́ bá ti fún ènìyàn ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ láti yan bí a ó ṣe to ohun tí yóò rí, ibi tí a ti ń yàn án gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí ó sì rọrùn láti dé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2023 kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Àwa náà kò ṣe aláìní agbára. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí ọ̀nà tí ó gbà lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà láìjẹ́ kí wọ́n ní ẹnu nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ìjọba tí ó lè bu irú ìtanràn yìí lè pàṣẹ kí a gbé asẹ́ wá sí iwájú.

Ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ti ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ jẹ́. Èèrí ni a ń fi asẹ́ yọ, a kì í da ògì nù. Ẹni tí ó bá fi asẹ́ yọ gbogbo ohùn alátakò rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé asọ̀rọ̀mágbèsì padà sí ara ògiri. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, a ń béèrè ohun mẹ́ta. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tí yóò mú kí asẹ́ wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tí a bá ṣí. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ ní èdè Yorùbá àti àwọn èdè wa yòókù. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sì fi bí a ti ń lò ó han àwọn ọmọ, kí àwọn náà lè fi han àwọn ìyá wọn, nítorí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ni a ra fóònù, àwa ni a ra dátà. Àwa náà ni ó yẹ kí ó pinnu ohun tí yóò wọlé tọ̀ wá.