Ọ̀rọ̀ coyote l'Amẹ́ríkà: Adìyẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ bá wí

Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ fún adìyẹ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹranko kan wà tó ń gbé ajá kéékèèké àti ológbò lọ láàárín ìgboro l'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́ dojú òwe náà rú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún táwọn ará ibẹ̀ ti ń lé akátá tiwọn. Kàkà kó jìnnà, ńṣe ló ń sún mọ́ ilé sí i.

Coyote ni wọ́n ń pe ẹranko ọ̀hún. Ìbátan ajá àti ìkookò ni. Ẹni tó bá rí i lókèèrè lè pè é ní ajá tí ebi ń pa: ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ sì kún fún irun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wúwo tó kìlógíráàmù 20. Nígbà kan rí, ìhà ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, níbi tí pápá pọ̀ sí, ló ń gbé. Nígbà táwọn òyìnbó pa ìkookò run, tí wọ́n sì gé igbó lulẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún un, ó sì tàn káàkiri. Lónìí, nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà l'Amẹ́ríkà, Hawaii tó wà láàárín òkun nìkan ni kò sí. Kódà, ní oṣù kẹrin ọdún 2007, ọ̀kan rọra rìn wọ ilé oúnjẹ kan láàárín ìgboro Chicago, ó sì lọ dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí kó lè tutù.

Ẹni tó wà n'Ísẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ lè béèrè pé kí ló kan òun níbẹ̀. Ó kàn án. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ń wọ bàálù lọ sí Houston, Dallas, Atlanta àti Maryland láti bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó. Ilé tí wọ́n ń dé sí sábà máa ń ní ẹ̀yìnkùlé tó kún fún koríko, nígbà mìíràn, pẹ̀lú ajá kékeré táwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn. Ìyá tó ti mọ́ lára láti da àjẹkù sẹ́yìnkùlé fún adìyẹ kò ní mọ̀ pé àlejò mìíràn lòun ń ṣẹ́wọ́ sí.

Oúnjẹ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2000 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Stanley Gehrt ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti ń tọpasẹ̀ coyote ní agbègbè Chicago. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wọn wò, eku àti irú rẹ̀ ló wà nínú bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ológbò kò sì ju bí ẹyọ kan lọ. Ní Los Angeles ẹ̀wẹ̀, nǹkan le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwádìí àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ bá ológbò nínú bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbẹ́ tí wọ́n ṣà láàárín ìgboro. Ohun tó bá wà nílẹ̀ lẹranko yìí ń jẹ, ì báà jẹ́ èso tó jábọ́, ì báà jẹ́ oúnjẹ ajá tí wọ́n gbàgbé síta.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ ọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, coyote kan ki ọmọ ọdún 2 mọ́lẹ̀ níwájú ilé wọn ní Dallas, ó sì ṣe é léṣe gidigidi. Ìròyìn tó tẹ àwọn aláṣẹ ìlú náà lọ́wọ́ ni pé àwọn kan ládùúgbò ti ń fún un lóúnjẹ, wọ́n tún ń fọwọ́ pa á lára. Irú àánú wo nìyẹn? Ẹranko tí kò bá bẹ̀rù èèyàn mọ́ kò ní pẹ́ di eléwu. Òfin ìlú Los Angeles fàyè sílẹ̀ láti fìyà jẹ ẹni tó bá ń bọ́ ọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí coyote ti gbé ajá wọn lọ á ní ìbọn nìkan lòògùn rẹ̀. Ìbànújẹ́ wọn yé èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dá èyí tó ti ń já lu èèyàn sí. Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ń pa ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́dọọdún, síbẹ̀ wọn ò tán. Bí wọ́n bá pa àwọn tó wà ládùúgbò kan, kì í pẹ́ tí òmíràn á fi gba ibẹ̀, oúnjẹ tó fa ti àkọ́kọ́ wá kò kúrò ńlẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ onílé niṣẹ́ wà. Kí ológbò máa gbé inú ilé. Kí ajá kékeré má dá wà níta, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí, bó ti wù kí ọgbà náà dára tó, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fẹ́ fi tọ̀ ti tó. Okùn tí wọ́n bá fi mú un jáde gbọ́dọ̀ kúrú. Ọgbà tó bá máa dá coyote dúró kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí ó mọ ilẹ̀ í gbẹ́. Láti oṣù kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ń gùn. Nígbà tí wọ́n bá wá bímọ, ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, wọ́n lè dojú kọ ajá ńlá pàápàá.

Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ kò gbọdọ̀ sá. Kó gbé ajá rẹ̀ mọ́ra, kó gbọ́wọ́ sókè, kó pariwo, kó lu ìkòkò tàbí páànù bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì, kó máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ láì kọ ẹ̀yìn sí i. Iṣẹ́ táwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nìyí, tẹ́nì kan bá ti sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí ìyá bá ti dé ló yẹ kọ́mọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé fún un, kó tó fi bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù hàn án.