Agbẹjọ́rò Ọ̀tá Ìlú, Agbẹjọ́rò Ará Ìlú Ni

Ìgbàkígbà tí ẹjọ́ tó ní òṣèlú nínú bá dé iwájú adájọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn kan: irú agbẹjọ́rò wo ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró? Wọ́n á ní owó ló fọ́ ọ lójú. Wọ́n á ní ẹni tó bá ń gbèjà ọ̀daràn, ọ̀daràn ni òun náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ pé òrùlé ara òun ni òun ń tú.

Àwọn àgbà Yorùbá kò fi àyè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn kò ní kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kejì jẹ́ èèyàn rere. Ohun kan náà ni Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 wí: aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi hàn pé ó jẹ̀bi, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́ fúnra rẹ̀ tàbí láti gba agbẹjọ́rò tó wù ú. Bí gbogbo agbẹjọ́rò bá sá fún ẹni tí ìlú kórìíra, ẹ̀tọ́ náà di òfìfo.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilẹ̀ Yorùbá, kí ó rántí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, agbẹjọ́rò kan láti òkè òkun, E.F.N. Gratiaen, ló yàn láti bá a rojọ́. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà. Awólọ́wọ̀ pe mínísítà lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dáhùn pé agbẹjọ́rò tó lè wọ ìlú láìsí ìdíwọ́ ni òfin ń sọ. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1963, wọ́n rán olórí ẹgbẹ́ alátakò náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Lójú àwọn tó wà nípò nígbà náà, ọ̀tá ìlú ni. Lónìí, yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlú lè yí èrò padà. Ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́wọ̀n kò ṣeé dá padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021 tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ní ọjọ́ 28, Oṣù Keje, ilé ẹjọ́ gíga ní Kaduna dá Sheikh Ibrahim El-Zakzaky, olórí àwọn ẹlẹ́sìn Ṣíà, àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwọn ẹ̀sùn tó jẹ yọ láti inú ìkọlù Zaria ti Oṣù Kejìlá 2015. Ikú ọmọ-ogun kan wà lára ẹ̀sùn náà. Láti ìgbà ìkọlù yẹn ni wọ́n ti wà ní àhámọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ ní 2016 pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Èkìtì tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Ṣíà, wà lára àwọn tó gba ẹjọ́ wọn rò. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4, Oṣù Kẹjọ, ilé ẹjọ́ ní Abuja fún àwọn 12 tí àwọn òṣìṣẹ́ DSS kó nínú ilé Sunday Ìgbòho ní Ìbàdàn ní béèlì. Òfin kan náà, iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan náà. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún ti Abuja, tó sì ṣépè fún ti Kaduna, kì í ṣe òdodo ló ń wá. Ẹni tirẹ̀ nìkan ló ń wá.

Àwọn kan yóò ní àwọn agbẹjọ́rò a máa fi ọgbọ́n àyínìke fa ẹjọ́ olówó gùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 ti kọ̀ kí ilé ẹjọ́ máa dá ìgbẹ́jọ́ dúró nítorí ẹ̀bẹ̀ lásán. Kí a mú un lò. Agbẹjọ́rò tó bá purọ́ fún ilé ẹjọ́, kí a fìyà irọ́ jẹ ẹ́, kì í ṣe ìyà oníbàárà rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó ní kí olùpẹ̀jọ́ mú ẹ̀rí wá. Bí ẹ̀rí bá wà, ìbéèrè agbẹjọ́rò kò ní pa á rẹ́. Bí kò bá sí, kí ni wọ́n fẹ́ kí adájọ́ fi dájọ́?

Agbẹjọ́rò tó dúró ti ẹni tí ìlú kórìíra kò sọ pé ìwà ẹni náà dára. Ohun tó ń sọ ni pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba òmìnira ẹnikẹ́ni láìfi ẹ̀rí hàn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìjọba yóò lọ, òmíràn yóò dé, ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ lónìí sì lè di ẹlẹ́jọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ náà, irú agbẹjọ́rò tó ti ń bú ni yóò máa wá kiri.