Òfin Kọ́ Ló Dá Ọkọ̀ Gààrí Dúró

Ẹ lọ sí ìdíkọ̀ Mọ́níyà ní Akínyẹlé láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: "Òfin ìjọba ló ń pa òwò wa." Ìyá elégààrí á sọ ọ́, dẹ́rẹ́bà á ṣe àmín. Nígbà tí àwọn aṣòfin Àbújá ń bá ara wọn fà á lórí àbádòfin owó orí tó dé iwájú wọn lóṣù kẹwàá 2024, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wí ni pé kí wọ́n ṣáà kó gbogbo òfin dànù, ká lè mí.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà: kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọkọ̀ kan. Ó kó gààrí láti Ìjàyè, ó dorí kọ Bódìjà. Kò tíì rìn jìnnà tí géńdé méjì fi na pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ sójú títì. "Tíkẹ́ẹ̀tì dà?" Dẹ́rẹ́bà sanwó. Níwájú, pákó mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mìíràn, kò sí orúkọ ẹni tó gbowó lára rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fi máa dé Bódìjà, gbogbo owó yẹn ti wọnú kọ́ńgò. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀bà lálẹ́ ló máa san án.

Òfin wo ló rán wọn níṣẹ́? Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998, tó pín owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà, fi owó ìsọ̀, owó ọjà àti owó ibùdókọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni, títí kan agbowó orí ìjọba gan-an, kò gbọdọ̀ dínà láti gbowó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni, tàbí ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. (₦50,000! Àfi kí wọ́n bù ú sí i, torí iye yẹn kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́.) Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 náà kò fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí èèyàn ń san owó orí lé lórí lọ́dún. Onípákó kò ka ìkankan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá wá fa òfin ya, kí lẹ fẹ́ fi mú un?

Ẹlòmíràn á ní, "Àgbẹ̀kọ̀yà ńkọ́?" Inú mi dùn pé ẹ dárúkọ wọn. Tàfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ tó jà ní 1968 sí 1969 kò sọ pé àwọn kò fẹ́ òfin. Wọ́n ní kí owó orí dín kù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fipá wọlé onílé dáwọ́ dúró, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ dá sí i, tí owó náà wálẹ̀ sí pọ́n-ún 2, ìjà rọlẹ̀. Ìlànà tó ṣeé san ni wọ́n bèèrè.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún wá tọrọ ìbò ní Akínyẹlé, ẹ ní kó wọ iwájú ọkọ̀ gààrí kan láti Ìjàyè, kó mú òfin 1998 dání. Tí wọ́n bá dé ibi pákó àkọ́kọ́, kó sọ̀ kalẹ̀, kó kà á sókè.